Bí ẹ ṣe lè tún kànga ṣe lẹ́yìn omíyalé

Òkun jìnnà sí Òṣogbo. Sùnámì, ìgbì òkun ńlá tó ń ya wọ ilẹ̀, kò lè dé àdúgbò Gbodofọ́n níbí. Àmọ́ ohun tí ìgbì náà fojú kànga rí ní Siri Láńkà lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004 kò ṣàjèjì sí wa nígbà tí odò Òṣun bá kún bo bèbè: ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ṣaláńgá á ya wọ omi tí à ń mu. Lọ́hùn-ún, àwọn tó sáré fa kànga gbẹ rí i pé omi iyọ̀ tún ń sun wọlé láti abẹ́ ilẹ̀, ògiri kànga mìíràn sì wó. Iyọ̀ kò kàn wá. Wíwó kàn wá.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi orí ilẹ̀ fà. Ilẹ̀ tó ti mumi yó ń ti òrùka kànga láti ìta, omi inú kànga ló sì ń tì í padà. Bí ẹ bá fà á gbẹ lẹ́ẹ̀kan, òrùka lè yẹ̀. Ẹ máa fi gúgà fà á díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sọ pọ́ńpù tó ń lo bẹntiróòlù sínú kànga láé. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn: ó ń pa ẹni tó wọlé, ó tún ń pa ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ yọ ọ́. Bí àbẹ́là bá ń jó nísàlẹ̀, ìyẹn kò ní kó má sí níbẹ̀.

Ẹ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ ògiri, kí ẹ sì dúró kí omi tuntun mọ́. Bí omi bá dọ̀tí, ara ẹrẹ̀ ni kílórììnì, oògùn apakòkòrò inú jíìkì, máa parí sí kó tó kan kòkòrò.

Ó kan ìwọ̀n. Ẹ wọn ìbú inú kànga àti ìjìnlẹ̀ omi ní mítà. Ìbú lọ́nà ìbú, lọ́nà ìjìnlẹ̀, lọ́nà 785: iye lítà omi nìyẹn. Ìbú mítà 1, ìjìnlẹ̀ mítà 2, ó di lítà 1,570. Lítà 1,000 gba lítà 3 jíìkì tàbí háípò tí kò ní lọ́fíńdà, tí ara ìgò rẹ̀ kọ 3.5%, kànga yìí á gba nǹkan bíi lítà 4.7. Èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí àtẹ ní Ọjà Ọba ti rọ, ẹ má rà á. Ẹ má sì pò ó mọ́ ásíìdì tàbí oògùn ìfọlé mìíràn.

Ẹ là á sínú korobá omi, ẹ dà á yí ògiri ká, ẹ fa omi kí ẹ tún dà á padà títí yóò fi pò. Ẹ dé e fún wákàtí 12 sí 24, kí ẹnikẹ́ni má pọn ín. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á títí òórùn yóò fi lọ. Ẹ má dà á sódò: ó ń pa ẹja, a sì mọ ẹni tó ni ẹja Òṣun.

Ẹ máa se omi mímu títí ẹ ó fi gbé e lọ yẹ̀wò. Bí ṣaláńgá kò bá jìnnà tó mítà 30, ìdọ̀tí lè tún padà. Bí omi bá sì ń rùn bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì, kílórììnì kò lè ràn án lọ́wọ́. Síse pàápàá kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ pa kànga náà tì, kí ẹ wá omi níbòmíràn.