Kíláàsì Orin Ọmọdé Ní Abuja: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìpolówó Rẹ̀

Ní Kubwa, Lugbe, Karu àti Gwarinpa, ẹ kò ní wá a jìnnà kí ẹ tó rí Yorùbá tó mọ orin dáadáa tó sì fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́: akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, onílù, tíṣà nọ́sìrì tó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní yunifásítì. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni ìpolówó. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á ra ìlù, wọ́n á tẹ ìwé ìpolówó rẹpẹtẹ. Ọmọ mẹ́ta á wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ ẹ̀gbọ́n tíṣà nìkan ló kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé àdúgbò kò fẹ́ orin. Ohun tí wọ́n polówó fún wọn kọ́ ni wọ́n bá nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀.

Ẹ má ta ọpọlọ

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ ni kíkọ ọ́ sójú ìwé pé orin yóò sọ ọmọ di ọlọ́pọlọ pípé, tàbí pé yóò mú un gba ipò kìíní. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá kò jọ ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà rárá. Ní ọdún 1993, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Irvine gbé ìròyìn kúkúrú kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Àwọn tó ń ka ìwé ní yunifásítì ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí wọ́n gbọ́ orin Mozart, olórin òyìnbó ayé àtijọ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n wá fún wọn ní ìdánwò nípa bébà tí a ká tí a sì gé, kí wọ́n fojú inú wo bí yóò ṣe rí tí a bá tú u. Wọ́n ṣe dáadáa díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n àǹfààní náà kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kò sí ọmọ ọwọ́ kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó fi di 1998, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ti ń wá owó tí yóò fi fún gbogbo ọmọ tuntun ní àwo orin. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tàn dé ojú ìwé ìpolówó wa nìyẹn.

Òbí tó bá tìtorí ìlérí yẹn sanwó yóò máa wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ ní òpin táàmù. Bí máàkì kò bá gòkè, ẹ ti pàdánù rẹ̀, ẹ̀bi yín sì ni.

Ohun tí ó dára láti kọ ni ohun tí ọmọ lè ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: kí ó pàtẹ́wọ́ bá ìlù lọ, kí ó dúró títí yóò fi kàn án, kí ó mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, kí ó kọ orin kúkúrú pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ tún kọ pé yóò mọ bí a ti ń dákẹ́, nítorí ohun tó máa ń ya òbí lẹ́nu jù nìyẹn. Tíṣà á lu omele lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á gbọ́wọ́ sókè. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo ọmọ ọdún méjì ló ṣì ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ ràì. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, ẹ óò rí ọ̀kan tó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà gbágbá, tó la ojú sílẹ̀ kedere, tó ń dúró de ìgbà tí ìlù yóò tún dún. Ẹ kọ ìyẹn sójú ìwé. Ó rọrùn fún òbí láti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Fún àwa Yorùbá tó wà ní Abuja, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin nìkan. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ ń gbọ́ ní ilé-ìwé, Hausa ni ní ọjà, Yorùbá kò ju ẹnu ìyá àti bàbá lọ. Tí tíṣà bá kọ dò, rè, mí, tó sì fi “igbá” sí rè-mí, “ìgbà” sí dò-dò, “igba” sí rè-rè, ọmọ á fi etí gbọ́ ìyàtọ̀ tí a kò lè fi ẹnu ṣàlàyé fún un. Ẹ lè fi èyí polówó láì purọ́. Ẹ má kàn sọ pé kíláàsì yóò kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ tí ilé kò ṣe.

“Láti oṣù mẹ́fà dé ọdún mẹ́fà”

Ìlà yìí wọ́pọ̀ lójú ìwé ìpolówó, wàhálà ló sì máa ń dá sílẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́fà ń jókòó lórí itan ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún fẹ́ sáré. Bí a bá kó wọn pọ̀, èyí ńlá á tẹ èyí kékeré mọ́lẹ̀, ìyá ìkókó á gbé ọmọ rẹ̀, á lọ. Ẹ pín wọn: àwọn tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀, láti ọdún kan ààbọ̀ sí mẹ́ta, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún ìpín méjì àkọ́kọ́, ogójì fún ìkẹta, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta fún ìkẹrin. Bí agbára yín bá mọ lórí ìpín kan, ẹ ṣe ìpín kan náà dáadáa, kí ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀ gàdàgbà sókè ìwé.

Ẹ tún kọ ọ́ kedere pé àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àwọn kan máa ń fi èyí pamọ́ nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé òbí kò ní wá. Òbí á wá lóòótọ́, á já ọmọ sílẹ̀, á gba ọjà Wuse lọ, ọmọ á bú sẹ́kún, àwọn yòókù á gbè é. Kò sí orin mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá pẹ̀lú àgbàlagbà wọn ti tó fún tíṣà kan. Fún àwọn tó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń wọlé láìsí òbí, méjìlá ni kó pọ̀ jù, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ kan.

Àwòrán dùùrù àti fáólìn

Bí ẹ bá fi àwòrán dùùrù tàbí fáólìn sójú ìwé, dùùrù àti fáólìn ni òbí ń bọ̀ wá rà. Òótọ́ ni pé Shinichi Suzuki ní Japan fi fáólìn kékeré kọ́ àwọn ọmọ tí kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n òbí wà níbi ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, òbí ló sì ń bá ọmọ ṣe é nílé lójoojúmọ́. Kíláàsì ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní gbọ̀ngàn ẹsitéètì kì í ṣe irú rẹ̀. Ẹ ya àwòrán ohun tí ọmọ yóò fọwọ́ kàn: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré, agogo, igi méjì tí wọ́n ń lù mọ́ra, ìlù tí kò ga ju orúnkún ọmọ lọ.

Kí ẹ tó ya àwòrán náà, ẹ yẹ àwọn nǹkan yìí wò. Okùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa ń já, ìlẹ̀kẹ̀ á tú, ẹnu sì ni ọmọ ọdún kan fi ń mọ gbogbo nǹkan. Ẹ mú páálí tó máa ń wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ohunkóhun tó bá gba inú ihò rẹ̀ kọjá kéré jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá fi ike omi tí a rọ ẹ̀wà sí ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ fi gúlúù lẹ ìdérí rẹ̀ pa, kí ẹ fi téèpù yí i. Òbí tó bá yọ ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kò ní padà wá, kò sì ní dá nìkan mọ̀ ọ́n.

(Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa ọyẹ́: láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, awọ ìlù á gan, ohùn rẹ̀ á lọ sókè, akèrègbè àti igi á sì máa sán. Ẹ má ya fídíò ìpolówó pẹ̀lú ìlù tí ẹ kò tíì gbé wò láàárọ̀ ọjọ́ náà.)

Ariwo

Kò sí ohun tó ń lé ọmọ ọwọ́ sá bíi sípíkà ńlá. Síbẹ̀, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé síta lọ́jọ́ ìfihàn, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ẹ̀rọ tí a ń fi gbọ́ orin fi dẹ́síbẹ̀lì (ohun tí a fi ń wọn ariwo) 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n àgbàlagbà, ṣùgbọ́n 75 ni ti ọmọdé. Sípíkà òde ìnáwó ń kọjá ìyẹn lọ fíìfíì. Àwọn aládùúgbò náà á bínú, àwọn kan á sì lọ fẹjọ́ sùn. Ohùn tíṣà àti ìlù kan ṣoṣo tó.

Ohùn tíṣà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọkùnrin tó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dá orin, ọmọ kò ní lè gbè é, òbí tó ń wò á sì rò pé orin kò wọ ọmọ òun lára. Ohùn tó rọ ọmọdé lọ́rùn wà láàárín D àti A tó wà lókè C àárín dùùrù. Ẹ gba ohùn lára dùùrù tàbí fóònù kí ẹ tó dá orin. Bí ohùn ọkùnrin kò bá dé ibẹ̀, kí obìnrin dá orin, kí ọkùnrin lu ìlù.

Àkókò, àti ẹ̀sìn

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sán kò ṣe é lò. Agogo méjìlá sí méjì, oorun ń kun ọmọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, òbí tó ń bọ̀ láti Garki lọ sí Nyanya tàbí Karu ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta láago mẹ́sàn-án ààbọ̀ sí mẹ́wàá ààbọ̀ ló dára jù, nítorí ó ń parí kí òde ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn béèrè àkókò ilé-kéwú àdúgbò kí ẹ tó fẹnu kò. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ má fi kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ṣètò.

Ẹni tó bá kéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ti sọ fún Mùsùlùmí pé kí ó má wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní i lọ́kàn. Yorùbá tó wá láti Ìlọrin, Ọ̀yọ́ tàbí Ìwó pọ̀ ní ìlú yìí. Ẹ kọ ọ́ síwèé pé kò sí orin ẹ̀sìn kankan níbẹ̀, kí ẹ sì mú un ṣẹ. Àwọn ilé Mùsùlùmí kan kò fara mọ́ ohun èlò orin àfi ìlù olójú kan, àwọn mìíràn kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ béèrè, kí ẹ sọ fún wọn bóyá ẹ ní kíláàsì tó jẹ́ ohùn àti àtẹ́wọ́ nìkan.

Bí ẹ bá ń pe àwọn Hausa àti Gbagyi aládùúgbò pẹ̀lú, ẹ má fi “orin Yorùbá” ṣe àkòrí. Kalangu tí Hausa ń lù àti gángan wa, ìlù tí a ń há mọ́ abíyá ni méjèèjì. Ẹ gbé àwọn méjèèjì sílẹ̀, kí àwọn ọmọ gbá wọn.

WhatsApp

Ẹ má fi ìpolówó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ẹsitéètì lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ alábòójútó ẹgbẹ́ náà, kí ẹ fi ẹyọ kan ránṣẹ́, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: ọjọ́ orí, ọjọ́, aago, iye owó, ilé tó wà nítòsí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nọ́ńbà fóònù. “Lugbe” nìkan kì í ṣe àdírẹ́sì. “Ẹ pè wá fún iye owó” ń lé ènìyàn sá. Wọ́n á rò pé ó wọ́n gan-an. Ẹ fi ohùn tíṣà kún un, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nípa àwòrán ọmọ, kò sí àwáwí. Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti 2023 fẹ́ kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí ohun tí a bá fẹ́ fi ìsọfúnni ọmọ ṣe. Ẹ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ kọ ibi tí àwòrán yóò ti jáde sínú rẹ̀. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi orúkọ ọmọ hàn, ẹ má fi yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé rẹ̀ hàn. Ọwọ́ kékeré lórí ìlù ń polówó dáadáa láìsí ojú ẹnikẹ́ni.

Owó

Oṣù kan ọ̀fẹ́ ń kọ́ àdúgbò pé ọ̀fẹ́ ni orin. Ọjọ́ kan péré ni kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú déètì rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó dárúkọ owó. Ká sọ pé gbọ̀ngàn jẹ́ ₦10,000 lẹ́ẹ̀kan: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ di ₦80,000. Olùrànlọ́wọ́ gba ₦5,000 lẹ́ẹ̀kan: ₦40,000. Ohun èlò ₦30,000. Ó di ₦150,000, tíṣà kò sì tíì mú kọ́bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ mẹ́wàá, ₦15,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti lọ kí èrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó polówó ₦10,000 láti fa èrò ti ta ara rẹ̀.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń san owó ilé-ìwé, tàbí ní àárín oṣù Kejìlá tí gbogbo ènìyàn ti ń di ẹrù lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìwọlé ló dára.

Orí ìtàgé

Ọ̀pọ̀ ń fi òde ńlá parí táàmù kí àdúgbò lè rí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta á dé iwájú èrò, á rí ìyá rẹ̀ lókèèrè, á sunkún. Ohun tí àwọn àlejò á máa rò lọ sílé nìyẹn. Kíláàsì tí a ṣí sílẹ̀ fún àlejò ló yẹ: ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ní gbọ̀ngàn kan náà, láago kan náà, kí òbí kọ̀ọ̀kan mú aládùúgbò kan tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ wá. Kí gbogbo wọn jókòó sórí ẹní. Kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kún sínú agbọ̀n fún àwọn ọmọ àlejò náà, kí ìwé àti bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó bọ bàtà wọn, kí wọ́n ti kọ orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ orí ọmọ sílẹ̀.