Bí A Ṣe Lè So Ẹ̀rọ Àwo Mọ́ Sípíkà Kọ̀ǹpútà

Àwo jùjú, àpàlà àti sákárà tí bàbá yín fi sílẹ̀ sínú páálí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn lọ́ wọn mọ́ ìdí fèrèsé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Bí ẹ̀rọ àwo yín bá ṣì ń yí, sípíkà kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tó fi gbọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á ki wáyà bọ sípíkà, ohùn á máa dún bí ẹ̀fọn, wọ́n á ní sípíkà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Iná tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde kò ju nǹkan bíi mílífólítì 5 lọ. Sípíkà ń retí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílífólítì. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí wọ́n ń kọ ilà sára àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìlù ńlá kù, wọ́n á gbé ohùn tín-ín-rín sókè, kí ilà má baà fẹ̀ jù. Ìlànà RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 1954 ni wọ́n fi ń ṣe é. Àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní phono preamp ló ń dá ohùn padà sí ipò rẹ̀, tó sì ń fún un lágbára. Bí kò bá sí i, bí ẹ yí fólúúmù dópin, ìyá ìlù kò ní dún bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí bọ́tìnnì PHONO àti LINE bá wà níbẹ̀, preamp ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn: ẹ tì í sí LINE, ẹ má ra òmíràn. Bí kò bá sí, ẹ wá àpótí náà rà.

Ẹ pa gbogbo iná kí ẹ tó so ó. Wáyà pupa ẹ̀rọ lọ sínú ihò pupa preamp, funfun sínú funfun. Bí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá tún jáde láti ara ẹ̀rọ, ẹ dè é mọ́ ìdè tí wọ́n kọ GND (ground) sí lára preamp, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn á máa kùn hùùù. Láti preamp sí sípíkà (tàbí láti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bí preamp bá ti wà nínú rẹ̀), wáyà tó ní pupa àti funfun lápá kan, tó sì ní ẹnu bíi ti íápíìsì lápá kejì, lẹ máa béèrè lọ́jà. Sípíkà gbọ́dọ̀ ní iná tirẹ̀.

Ẹ má gbé sípíkà àti ẹ̀rọ sórí tábìlì kan náà. Ìlù á mi abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Fólítì 120 ni tiwọn, tiwa jẹ́ 230. Ẹ lè fi tiransifọ́mà dín in kù, ṣùgbọ́n iná wọn ń lọ síwá-sẹ́yìn nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (60 Hz), tiwa ní 50. Àwọn mọ́tò àtijọ́ kan ń tẹ̀ lé iye yìí: àwo tó yẹ kó yí ní 33 ní ìṣẹ́jú kan á máa yí ní 28, akọrin á sì máa fà bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ jẹ́ kí òǹtajà tàn án lójú yín, kí ẹ gbọ́ ọ.

Àwo 78 ti ayé àtijọ́ (tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan), tó wúwo tó sì ń fọ́ bí àwo oúnjẹ, abẹ́rẹ́ tó nípọn ju ti àwo 33 lọ ló ń lò. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ 33 kàn án.