Orúnkún ń dùn yín, VA sì kọ̀: àṣìṣe tó ń ba ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn jẹ́

Ọdún kan ni VA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn sójà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fún ẹni tí wọ́n kọ̀ láti sanwó ìpalára fún, láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ìpinnu, láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó ń dunni bí àwọn èèyàn wa ṣe ń fi ọdún náà ṣòfò, tàwọn towó wọn.

Èkíní, wọ́n ń gba ọ̀nà tí kò bá ẹ̀rí wọn mu. Láti oṣù kejì ọdún 2019, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹni tó ní ẹ̀rí tuntun ń kọ fọ́ọ̀mù 20-0995. Bí ẹ̀rí bá ti pé nínú fáìlì, tí wọ́n kàn kà á sódì, 20-0996 ni, kí ọ̀gá mìíràn tún un wò. Fọ́ọ̀mù 10182 wà fún ẹni tó fẹ́ kí adájọ́ Board, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní VA, dá a. Ẹ má sanwó fún lẹ́tà dókítà tuntun kí ẹ wá so ó mọ́ 20-0996: ọ̀gá yẹn kò gbọdọ̀ wo ẹ̀rí tó dé lẹ́yìn ìpinnu.

Èkejì, lẹ́tà dókítà tó kàn ní orúnkún ń dunni. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wá ni okùn tó so ìrora náà mọ́ iṣẹ́ ológun. Kí dókítà kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, "at least as likely as not" (pé ó kéré tán, bó ṣe lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀), kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì fi hàn pé òun ka ìwé ìtọ́jú yín ìgbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò C&P jẹ, ìyẹn àyẹ̀wò ara tí VA ń ṣètò kí wọ́n tó ṣèpinnu.

Níbi àyẹ̀wò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ owó nù. Wọ́n á ní, "Báwo lara?" Ọmọ Yorùbá á ní, "A dúpẹ́." Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara le. Wọ́n á gbé irinṣẹ́ tó dà bíi rúlà méjì tí wọ́n fi ìṣó kan so pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún, wọ́n á ní kí ẹ ká ẹsẹ̀. Ẹ ó di eyín, ẹ ó ká a dé digírì 120, ojú ń tì yín láti pariwo. Orúnkún tó pé ń ká dé 140. Èyí tó dúró ní 45 ń gba ìwọ̀n àbùkù 10%, tí VA fi ń ṣírò owó yín, ní 30, 20%, ní 15, 30%. Nítorí náà, ibi tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ìwọ̀n ibẹ̀. Bí kíká náà bá ń dunni, 10% ló kéré jù tó yẹ kí orúnkún náà gbà, kódà bó bá ká jìnnà.

Ẹ sọ ti ọjọ́ tí ìrora bá ru pẹ̀lú: ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù, wákàtí mélòó, kí ni ẹ kì í lè ṣe. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóṣù, ọjọ́ méjì méjì, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi irin mú." Òótọ́ ni kí ẹ sọ, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Nínú ẹjọ́ Sharp v. Shulkin ní 2017, ilé ẹjọ́ ní oníṣẹ́ àyẹ̀wò kò lè sọ pé òun ò lè fojú díwọ̀n rẹ̀ kìkì nítorí pé kò ru lójú òun.

Bí orúnkún bá ń yẹ̀, ẹ sọ ìyẹn lọ́tọ̀. Ó lè gba ìwọ̀n tirẹ̀. Ti orúnkún kejì tó bàjẹ́ torí pé òun ló ń gbé ẹrù èkíní náà ń kọ́?  Ẹ bèèrè fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ẹ̀dà àbọ̀ àyẹ̀wò náà. Àwọn VSO, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn sójà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní ìwé àṣẹ VA á bá yín kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ìlà tí wọ́n pè ní flare-ups, ìyẹn ìgbà tí ìrora bá ru: bó bá ṣófo, tí ẹ sì rántí pé ẹ sọ ọ́ fún wọn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí nínú 20-0996.