Ẹ mú téépù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan wá sí kíláàsì: bí mo ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrẹ́jẹ

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ́ọ̀sì yìí lé lọ́wọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìtumọ̀ "ìrẹ́jẹ" sójú bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ṣe é rí. Igba akẹ́kọ̀ọ́ dà á kọ, wọ́n há a sórí, wọ́n lọ bì í sórí ìwé ìdánwò. Ó tán síbẹ̀.

Òwe ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Màá kọ ọ́ gàdàgbà: "Gàm̀bàrí pa Fúlàní, kò lẹ́jọ́ nínú." Wọn á rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ nílé. Màá ní kí ẹnì kan túmọ̀ ẹ̀. Á ní àwọn méjèèjì ló jọ ń bára wọn fà á, kò kàn wá. Màá wá nu orúkọ méjèèjì kúrò, màá fi "Ìjẹ̀bú" àti "Ẹ̀gbá" sí i. Ẹ̀rín á dá. Ẹnìkan á ní, "Mà, ìyẹn ò dáa o." Ẹ dákẹ́ níbẹ̀, ẹ má sáré ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ káwọn fúnra wọn bèèrè pé òkú ta ni wọ́n sọ pé kò lẹ́jọ́ nínú, àti pé ẹnu ta ló sọ ọ́. Bí ọmọ Hausa bá wà ní kíláàsì, ẹ má wo ojú ẹ̀.

Èmi náà ti wo ojú ẹnìkan rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi igi abíyá méjì rìn ni mo pè síwájú pé kó sọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò fojú kàn án mọ́. Nígbà tí mo pàdé ẹ̀, ó ní, "Mà, ìwé ni mo wá kà, mi ò wá ṣe àpẹẹrẹ." Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, ilé la máa ń pè wá jẹ́rìí, a kì í pe ènìyàn.

Ibi tí téépù ti wúlò nìyẹn. Lóṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n buwọ́ lu òfin Nàìjíríà tó ní kí ẹnikẹ́ni má ya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀. Ó fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún un ṣe kí àga onítáyà lè wọlé. Ọdún 5 náà ti pé lóṣù kìíní ọdún 2024. Mo pín wọn ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, mo ní kí wọ́n lọ wọn ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa. Àtẹ̀gùn 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínṣì 6: ẹsẹ̀ bàtà 3. Òdiwọ̀n táwọn kọ́lékọ́lé ń lò ni pé bí ibi kan bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ọ̀nà dídagẹ̀rẹ́ rẹ̀ gùn tó 12. Tiwa yẹ kó gùn tó 36. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ju 8 lọ. Mo yá bárò lọ́wọ́ bàbá tó ń tọ́jú ọgbà, a kó yanrìn sí i. Ọmọkùnrin tó fẹnu fẹ́ra jù tì í dé ìdajì, bárò tì í padà, bàtà rẹ̀ bọ́. Kò sẹ́ni tó tún bi mí pé kí ni ìrẹ́jẹ.

Ọ̀rọ̀ owó orí Abẹ́òkúta ló máa ń tẹ̀lé e, kí wọ́n má bàa rò pé òyìnbó nìkan ló ń ni ènìyàn lára. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ìjọba Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ń gba owó orí lọ́wọ́ ọmọbìnrin láti ọmọ ọdún 15, ti ọkùnrin di 16. Ìyálọ́jà àti obìnrin tó kàwé jọ dìde lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ lóṣù kìíní ọdún 1949. Ọmọ Ẹ̀gbá kan á sọ pé ẹ ń bú ọba. Ẹ rán an létí pé kábíyèsí padà sórí ìtẹ́ lọ́dún 1950.

Máàkì ńkọ́? N kì í fún èrò ní máàkì, ẹni tó gbà pẹ̀lú mi kò jèrè kankan. Ohun tí wọ́n wọ̀n àti lẹ́tà tí wọ́n fi í kọ sí ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ni mò ń máàkì.

Téépù àwọn bíríkìlà ni kẹ́ ẹ rà. Ti télọ̀ kò ju ínṣì 60 lọ, kò ní dé òpin sìmẹ́ǹtì yẹn.