Tọ́ọ̀pù oníhò méjì lórí Ìjàpá mi
Ẹ́ńjìnì 1600 ló wà lára Ìjàpá mi (ọkọ̀ Volkswagen Beetle), irú ti àtijọ́ tí tọ́ọ̀pù rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn irin tó dé orí sìlíńdà, ní ihò afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan là láàárín fáàfù méjì, ọkọ̀ wá ń sín bí ẹni tó fín áṣáà. Mo ra tòkunbọ̀ méjì ní Ládípọ̀, oníhò méjì tí Volkswagen gbé jáde fún ọkọ̀ 1971.

Wọ́n wọlé ṣán. Àmọ́ ẹsẹ̀ kàbọ́rétọ̀, páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ àti epo wọ tọ́ọ̀pù, kò bá a mu mọ́. Mo ní láti wá èyí tó pín sí mẹ́ta, tí rọ́bà so pọ̀, kí n sì pààrọ̀ páànù tó bo sìlíńdà. (Ẹ má wá gásíkẹ́ẹ̀tì àárín tọ́ọ̀pù àti sìlíńdà kiri o, tọ́ọ̀pù yìí kì í lò ó.)

Ọ́ìlì ló dá mi lágara. Bí mo bá ti siná, á máa kán tó, tó, tó láti ẹnu àwọn páìpù mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀, èyí tí ọ̀pá tó ń ti fáàfù ń gba inú wọn kọjá. Àṣé wọ́n ti súnkì! Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo rọra fa ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi gùn tó mílímítà 190, mo fi rọ́bà tuntun sí i, mo kọ ojú ìjó wọn sókè. Mo wá dè é padà díẹ̀díẹ̀. Àlàfo fáàfù, mo ṣe é sí mílímítà 0.15, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù.

Páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́ àná ṣì gbẹ láàárọ̀ yìí.