Yíyan Ọ̀nà Tó Yẹ Láti La Páìpù Ìdaminù Tó Dí Nínú Ilé

Kí ẹ tó da ohunkóhun sí ojú páìpù tó dí, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ìdènà náà wà àti ohun tó fà á, nítorí ohun tó ń yọ́ ọ̀rá lè má lè yọ irun, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó wúlò fún sókáwéè tó kún. Ẹ da omi sí gbogbo ojú ìdaminù ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo bí ó ṣe ń lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni omi dúró sí, ìdènà náà kò jìnnà. Ṣùgbọ́n bí síǹkì, balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ bá jọ ń lọ́ra láti fà, páìpù ńlá tàbí sókáwéè ló níṣòro. Ní Òṣogbo, pàápàá ní àwọn ilé tó wà ní ibi tó rẹlẹ̀ nítòsí odò Ọ̀ṣun, irú èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà òjò, torí pé ilẹ̀ ti mu omi yó, kò sì ráyè gba èyí tó ń ti sókáwéè bọ̀. Oògùn inú ike kankan kò lè yanjú rẹ̀. Fífa kòtò náà ló kù.

Epo pupa àti àjẹkù àmàlà ló sábà máa ń dí síǹkì ilé ìdáná wa. Epo náà máa ń dì nígbà tí ara páìpù bá tutù, pàápàá ní òwúrọ̀ ọyẹ́, èlùbọ́ á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Omi gbígbóná tí a po ọṣẹ ìfọbọ́ mọ́ dára fún èyí, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ omi tó ń hó, nítorí ọ̀pọ̀ páìpù òde òní jẹ́ ike, ooru tó pọ̀ sì máa ń sọ ọ́ di rírọ̀, oríkèé rẹ̀ á sì tú. Bí kò bá lọ, ẹ gbé báfù sábẹ́ síǹkì, kí ẹ fọwọ́ tú ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọ́rọ́, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Omi tó máa ń dúró síbẹ̀ ló ń dènà òórùn kòtò, nítorí náà ẹ dá páìpù náà padà dáadáa.

Ọ̀pá onírọ́bà tí a fi ń tẹ ojú ìdaminù ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò léwu, kò sì ba páìpù jẹ́. Ẹ fi àkísà tútù dí ihò kékeré tó wà ní òkè síǹkì, kí omi tó wà nílẹ̀ bo rọ́bà náà, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fà á, bí ìgbà ogún, láì jẹ́ kó ṣí. Fífà náà ṣe pàtàkì bíi títẹ̀.

Irun àti ọṣẹ ló ń dí balùwẹ̀. Ẹ fi wáyà tí ẹ tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀ fà á jáde. Ẹ má ṣe tì í wọlé.

Kọ́síkì tí àwọn aṣọṣẹ ń lò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò, ó sì yẹ kó gbẹ̀yìn. Lóòótọ́ ó ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ, ṣùgbọ́n ó ń jó ara àti ojú, kò sì lè tú aṣọ tàbí páàdì tó há. Omi ni a kọ́kọ́ ń bù sílẹ̀ kí a tó da kọ́síkì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bíbu omi lé e lórí lè mú kó hó kó sì ta síni lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ má lo ohun èlò alúmíníọ́mù, ẹ má sì fi ọ̀pá onírọ́bà tẹ ibi tí ẹ ti dà á sí. Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ rárá pé kí a da bíléèṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì ìfọlé-ìgbẹ́, nítorí gáàsì olóró ló máa ń tinú rẹ̀ jáde. Bí púlọ́ńbà bá dé lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ẹ dà síbẹ̀ fún un kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bí ó bá sọ pé àfi kí òun fọ́ ilẹ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣí kòtò àyẹ̀wò tó wà lẹ́yìn ilé, kí ẹ jọ wò bóyá omi ń dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ sínú sókáwéè, bó ti wù kó jinlẹ̀ mọ, nítorí gáàsì inú rẹ̀ lè pa ènìyàn kí ó tó lè ké.