Àrùn tó ń sọ àgbọn di òpó: bó ṣe ń gbé inú kòkòrò, àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko àgbọn ní Àgbádárìgì, Ìbẹ̀jú-Lekki, Ẹ̀pẹ́, títí dé Kútọ́nù àti Lomé, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ní igi méjì mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin la kọ èyí fún. Tí àgbọn yín bá dédé ń já ọmọ sílẹ̀, àtèyí tó gbó àtèyí tó ṣì kéré bí ìkúùkù, tí kò sí ìjì tí kò sí nǹkan kan, ẹ má kàn ṣà á lọ sílé. Ẹ gbójú sókè wo orí igi náà.

Àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní lethal yellowing ló lè jẹ́. Ohun tẹ́ ẹ máa wò nìyí. Òdòdó tuntun tó yẹ kó máa funfun á ti dúdú látẹnu, bíi pé iná rà á. Lẹ́yìn náà ni imọ̀ ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, á máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀, títí màrìwò àárín á fi rà, gbogbo orí á já bọ́, ìtì lásán ló máa dúró síbẹ̀. Láti ìgbà tọ́mọ bá ti ń já dé ìgbà tí igi kú, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni. Àgbọn kúkúrú kì í sábà pọ́n dáadáa o, àwọ̀ búráùn ló máa ń ní, torí ẹ̀ ẹ má dúró de àwọ̀ ìyeyè kẹ́ ẹ tó fura.

Kì í ṣe ayé ló ń ṣe é, kì í sì í ṣe àrùn tuntun. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Awka nílẹ̀ Ìgbò láti 1917, Ghana rí tiwọn ní 1932, Togo náà rí i ní Kaïnkopé, Jamaica sì pàdánù igi tó tó mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀ láti bí 1961 wá.

Ohun tó ń fà á ni bakitéríà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní phytoplasma. Fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé rò pé irú àrùn yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà táwọn ará Japan wo inú igi málíbẹ́rì tó ń ṣàìsàn ní 1967 tí wọ́n rí i pé bakitéríà tí kò ní èèpo ara ni. Kò lè dá gbé. Kò sí nínú ilẹ̀, kò sí nínú omi, kò lẹ̀ mọ́ àdá. Ibi méjì péré ló lè gbé: nínú iṣan tó ń gbé omi aládùn káàkiri ara igi, àti nínú ara kòkòrò kékeré tó ń fa omi náà mu.

Ibí lọ̀rọ̀ jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí ohun alààyè ṣe máa rí àtohun tó máa ṣe, ti wọlé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á torí òun ló sọ ìdí tí iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ fi rí bó ṣe rí. Ara àlùbọ́sà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yìí o, kì í ṣe àgbọn, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni phytoplasma tó ń bá àwọn méjèèjì jà. Ní 2004 àwọn ará Japan ka gbogbo jíìnì phytoplasma àlùbọ́sà, 754 ni wọ́n rí, nígbà tí bakitéríà inú ìfun wa ní tó 4,000. Àní púpọ̀ nínú àwọn jíìnì tí ohun alààyè fi ń ṣe agbára fúnra ẹ̀, ó ti sọ wọ́n nù, bí ẹni tó gé wáyà NEPA tiẹ̀ tó wá lọ ń fa iná aládùúgbò ló rí, ohun tí sẹ́ẹ̀lì igi tàbí ti kòkòrò bá ti sè sílẹ̀ ló ń jẹ.

Àwọn jíìnì tí kò sọ nù ló wá ṣe pàtàkì. Tí kòkòrò bá fa omi igi tó ń ṣàìsàn, bakitéríà yìí á wọ ìfun ẹ̀, á wọnú sẹ́ẹ̀lì ìfun, á pọ̀ síbẹ̀, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, á wá dé ibi tó ń pọn itọ́, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kó tó débẹ̀. Ìgbà yẹn ni kòkòrò ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ lè ko igi mìíràn. Báwo ló ṣe ń kọjá? Jíìnì kan wà tó ń ṣe prótíìnì tí wọ́n ń pè ní Amp, ìta ara bakitéríà náà ló wà, ó sì ń di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò mú. Ní 2006 wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé kòkòrò tí okùn ẹ̀ bá Amp mu ló ń gbé àrùn náà, èyí tí tiẹ̀ ò bá mu, kò lè gbé e. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo kòkòrò tẹ́ ẹ bá rí lórí àgbọn lọ̀tá. Ní 2011 wọ́n tún rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta jíìnì ẹ̀ ló ń yí iṣẹ́ padà tó bá kúrò nínú igi bọ́ sínú kòkòrò. Ìbátan ẹ̀ kan tiẹ̀ tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní prótíìnì SAP11 tó ń pa agbára ìgbèjà ewéko kí kòkòrò lè yé ẹyin sí i lára. Ọ̀dájú gbáà ni.

Fún àgbọn, kòkòrò tí wọ́n mú ní Florida ni Haplaxius crudus, ní Ghana wọ́n ti fura sí ìbátan ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Myndus adiopodoumeensis. Ọmọ Haplaxius kì í gbé lórí àgbọn, ìdí gbòǹgbò koríko ló ti ń dàgbà, ó dìgbà tó bá ní ìyẹ́ kó tó fò gòkè.

Ó dáa, kí lẹ máa ṣe?

Ẹ gé igi tó bá ti ń ṣàìsàn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sun orí ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, pàápàá tó bá ṣì ní ọmọ lórí, ṣùgbọ́n igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n yẹn gan-an ni kòkòrò ti ń gbé àrùn lọ, torí omi ṣì ń lọ nínú iṣan ẹ̀. Èyí tó ti kú tó ku ìtì kò tún lè kó ran mọ́, kìkì pé ó lè wó lu ilé, kòkòrò ńlá oníwo tó máa ń lu màrìwò á sì máa bímọ sínú ẹ̀ tó bá jẹrà. Olóko kan ní Jamaica, Michael Black, ọ̀nà yìí ló gbà tí oko ẹ̀ fi dúró nígbà tí ti àwọn míì ń kú: wọ́n ń yí oko po lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń gé, wọ́n ń sun, wọ́n ń gbin òmíràn sípò ẹ̀, wọ́n ń ro koríko, wọ́n ń fi fátílásà sí i. Ẹ̀yin náà ẹ má jẹ́ kí koríko ga lábẹ́ àgbọn yín.

Ẹ má da kẹ́míkà sílẹ̀, ẹ má náwó sórí fífín, kòkòrò tó ń fò wá láti oko ẹlòmíì kì í tán. Iyọ̀ tẹ́ ẹ máa ń dà sídìí ẹ̀, àgbọn fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́, kò pa àrùn yìí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ ra pẹnisílìnì, èèpo ara bakitéríà ni pẹnisílìnì ń bá jà, èyí ò sì ní èèpo. Oògùn mìíràn tó ń jẹ́ tetracycline ń dá a dúró, wọ́n ń gún un sínú ìtì igi ẹ̀ṣọ́ ní Florida ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n bá dáwọ́ dúró ó ń padà, kò sì yẹ kẹ́ ẹ gún un sára igi tẹ́ ẹ máa jẹ ọmọ ẹ̀.

Ẹ má gbé ọmọ àgbọn láti ibi tí àrùn wà, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé irú tòun ò lè kú, ẹ rántí Maypan, irú àgbọn kan tí Jamaica gbin káàkiri torí wọ́n ní ó lágbára, nígbà tó yá àrùn náà ń pa á.

Ẹ̀yin onílé, ẹ lè jẹ èyí tó já tó bá ti gbó, kì í ran ènìyàn. Ẹ fi fóònù ya òdòdó dúdú yẹn àti imọ̀ tó ń pọ́n kẹ́ ẹ tó gé igi náà, kẹ́ ẹ fi han òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí àwọn NIFOR, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀pẹ àti àgbọn, tó wà nítòsí Benin City, torí tí igi bá ti di eérú kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.